Ẹ Bá Wa La Ọ̀nà Hẹlikọ́pítà: Ẹ̀bẹ̀ láti Ìjòkó

Níbi tí títì ti dábùú ojú irin ní Ìjòkó, ọkùnrin kan máa ń dúró pẹ̀lú àsíá méjì, pupa kan, àwọ̀ ewé kan. Tó bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ láti Agbádó, á na pupa. Ọlọ́kadà á dúró, danfó á dúró, ìyá tó ru agbọ̀n tòmátì á dúró. Àwọn mìíràn á máa kùn pé ọkọ̀ náà ṣì jìnnà, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò bi í pé ta ló fún un láṣẹ. Bàbá mi ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Kì í ṣe ní Ìjòkó, apá òkè lọ́hùn-ún ni, kó tó fẹ̀yìntì wá kọ́lé síbí. Ó máa ń sọ fún wa pé ohun méjì péré ni iṣẹ́ òun: kí òun mọ ẹni tó ń bọ̀ kó tó dé, kí gbogbo ayé sì mọ ibi tí irin gbà. Ó ní bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ló kù.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi yìí ni mo mú wá síwájú yín, ẹ̀yin àgbà tí ìjọba fi ojú ọ̀run lé lọ́wọ́: ẹ̀yin aláṣẹ NAMA tí ẹ ń darí ọkọ̀ lófurufú, ẹ̀yin NCAA tí ẹ ń ṣòfin tí ẹ sì ń bójú tó o, ẹ̀yin tí ẹ wà ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò òfurufú l'Ábùjá, àti ẹ̀yin ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn wa ní Òkè-Mọ́sàn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó la ẹnu. N kì í ṣe awakọ̀ òfurufú, n kì í ṣe ẹnjiníà. Ará ìsàlẹ̀ ni mí, ẹni tí ohun tó bá já lókè yóò bá nílé. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ bá wa la ọ̀nà tí hẹlikọ́pítà yóò máa gbà láàrin Èkó àti agbègbè Ọ̀tà, kí ó jẹ́ ọ̀nà kan pàtó, tó ní gíga tirẹ̀, tó jìnnà sí ibi tí bàálù ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi etí kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn tì í. Kí ẹ sì jẹ́ kí àwa tí a wà lábẹ́ rẹ̀ mọ ibi tó gbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí a wà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ kí bàálù gba ìhà àríwá wọ pápákọ̀ Murtala Muhammed, ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ń gbà bọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ti mọ ìró wọn, wọ́n lè sọ èyí tó tóbi àti èyí tó kéré láìgbójú sókè. Bàálù tó ń sọ̀kalẹ̀ máa ń ga ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300 fún máìlì òfurufú kọ̀ọ̀kan tó kù kó dé pápá. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ń kọjá lọ́dọ̀ wa fi ṣì wà lókè réré. Nígbà tí yóò bá fi dé ìhà Ìju, ó ti rẹlẹ̀ dáadáa, kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,500 sí 1,800 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni láàrin ẹsẹ̀ bàtà 500 sí 1,500 ni hẹlikọ́pítà sábà máa ń rìn lókè ìlú. Ibi tí ọ̀kan ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ni èkejì ti ń dábùú kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi wà nígbà tí mo bá gbọ́ ìró méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìró hẹlikọ́pítà yàtọ̀. Ti bàálù máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn, á rọra kún, á rọra dínkù. Ti hẹlikọ́pítà máa ń já lu ilé lójijì, páànù á máa gbọ̀n, ọmọ ọwọ́ á fò dìde lórí ẹní. N kò dá àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́bi. Ẹni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ ní Ṣàngó láti aago mẹ́fà àárọ̀, tí aago mẹ́sàn-án lù tí kò tíì rí Abúlé-Ẹ̀gbá, yóò mọ ìdí tí ọlọ́rọ̀ fi ń wo ojú ọ̀run. Iléeṣẹ́ ńlá ńlá wà l'Ọ́tà, àwọn ilé ìjọsìn tí èèyàn ń ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá sí wà níbẹ̀, ó sì dá mi lójú pé bí títì bá ti ń bàjẹ́ tí owó sì ń wọlé, hẹlikọ́pítà yóò máa pọ̀ sí i. Ìpínlẹ̀ Ògùn pàápàá ti ní pápákọ̀ òfurufú tirẹ̀ báyìí ní ìhà Rẹ́mọ. Kí ojú ọ̀run tó kún ni ó yẹ kí a pín in.

Ẹ má bínú pé mo ń padà sí ohun tó ti kọjá. Àwa ará ìhà yìí kò lè sọ̀rọ̀ bàálù kí a má dárúkọ Lísà. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, bàálù Boeing 737 ti Bellview gbéra n'Íkẹjà, ó ń lọ sí Àbújá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ dákẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìròyìn tó kọ́kọ́ tàn kálẹ̀ ni pé Kíṣí ló já sí, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n tilẹ̀ sọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn yè é. Àwọn ẹbí tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ ń dúpẹ́, àwọn mìíràn ti ń palẹ̀mọ́ láti lọ síbẹ̀. Lísà ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, nínú igbó tí a lè tọ́ka sí láti ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Gbogbo èèyàn 117 tó wà nínú rẹ̀ ló ti kú. Mo rántí bí ojú ṣe ti àwọn àgbà àdúgbò lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ wa ni. Bàálù já sẹ́yìnkùlé wa, wọ́n ń wá a lọ sí Kíṣí.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ṣiṣẹ́ lórí èyí. Ọdún 2010 ni ìjọba ṣí ètò rédà tí wọ́n ń pè ní TRACON, tí iléeṣẹ́ Thales ti ilẹ̀ Faransé bá wa ṣe, tó ní rédà l'Ékòó, l'Ábùjá, ní Kano, ní Port Harcourt àti láwọn ìlú mìíràn, kí ojú yín lè tó gbogbo Nàìjíríà. A dúpẹ́ fún un. Àmọ́ rédà máa ń fi ojú tààrà wòran, kì í wo ẹ̀yìn òkè, kì í sì í rí ohun tó bá rìn nísàlẹ̀ jù dáadáa. Ìsàlẹ̀ sì ni hẹlikọ́pítà ń gbà. Nítorí náà, fún hẹlikọ́pítà, ọ̀nà tí a ti là sílẹ̀ àti rédíò tí ń sọ̀rọ̀ ketekete ni wọ́n lè gbẹ́kẹ̀ lé ju ohunkóhun lọ.

Ọdún méje lẹ́yìn Lísà ni ti Ìju-Ìṣàgá. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, bàálù Dana ń bọ̀ láti Àbújá, ẹ́ńjìnì méjèèjì kọ̀ ṣiṣẹ́, kò lè dé pápá. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, àwọn mẹ́fà tó wà lórí ilẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn mẹ́fà yẹn ni mo máa ń rò jù. Wọn kò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan lára wọn lè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn baba wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹẹ́ fò láìfara kanra. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ fún ẹyẹ. Ẹyẹ ń rí iwájú, ó ń rí ẹ̀gbẹ́, ó lè pa ìyẹ́ pọ̀ kó sì jábọ́ sórí igi tó bá fẹ́. Bàálù tó ti na ẹsẹ̀ láti balẹ̀ kò lè yà bí ẹyẹ, kò sì lè dúró lójú kan. Ẹ rántí ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1996. Bàálù ADC tó ń bọ̀ láti Port Harcourt ti súnmọ́ Èkó, ó bá bàálù mìíràn pàdé ní ojú ọ̀nà rẹ̀. Awakọ̀ yà kíákíá kó má baà gbá a. Yíyà náà ló pa á: bàálù dojú dé, ó sì rì sínú omi ní Èjìrìn, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Èèyàn 144. Wọn kò fara kan ara wọn rárá, bàálù kejì sì balẹ̀ láyọ̀, síbẹ̀ èèyàn 144 lọ nítorí pé méjì wà níbi tó yẹ kí ọ̀kan wà.

Èyí tó gbé mi dìde láti kọ̀wé ni ti Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, hẹlikọ́pítà ológun kan, Black Hawk, kọlu bàálù tó ń ṣiṣẹ́ fún American Airlines lókè odò Potomac, nígbà tó kù díẹ̀ kí bàálù náà balẹ̀ ní pápákọ̀ Reagan. Èèyàn 64 wà nínú bàálù, mẹ́ta wà nínú hẹlikọ́pítà, kò sí ẹni tó là á já. Mo ka gbogbo ohun tí mo rí kà lórí rẹ̀, nítorí ohun kan rú mi lójú: ọ̀nà wà níbẹ̀! Wọ́n ti la ọ̀nà hẹlikọ́pítà síbẹ̀ tipẹ́. Èyí tó ń kọjá níwájú pápákọ̀ yẹn nígbà náà ń jẹ́ Route 4, ó tọ ẹ̀bá odò, òfin ìgbà náà sì ni pé hẹlikọ́pítà kò gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ níbẹ̀. Kí ló wá fà á?

Ohun tí àwọn olùwádìí wọn, NTSB, rí yẹ kó wà lórí tábìlì yín. Wọ́n wọn ọ̀nà hẹlikọ́pítà náà mọ́ ọ̀nà tí bàálù ń gbà wá sí ojú pápá kan pàtó, wọ́n rí i pé àlàfo tó wà láàrin wọn lè dín kù dé ẹsẹ̀ bàtà 75 péré. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju gíga ilé alájà mẹ́fà lọ. Lójú tèmi, ó dà bí ẹni pé kò sí ẹni tó gbé ọ̀kan lé èkejì wò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kọ́ńtúrólà kan ṣoṣo, ìyẹn ẹni tó ń darí ọkọ̀ òfurufú, ló ń bá hẹlikọ́pítà sọ̀rọ̀ tó tún ń bá bàálù sọ̀rọ̀. Ó bi àwọn ará hẹlikọ́pítà bóyá wọ́n rí bàálù tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn rí i, wọ́n ní kí ó jẹ́ kí àwọn fi ojú ara àwọn yẹra fún un. Ó gbà fún wọn. Òru ni, iná ìlú ń tàn lẹ́yìn, wọ́n sì ti ga kọjá 200. Èyí tó dùn mí jù ni pé àkọsílẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀: láàrin oṣù Kẹwàá ọdún 2021 sí oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìgbà 85 ni hẹlikọ́pítà àti bàálù súnmọ́ra ní agbègbè pápákọ̀ yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lókè kò fi ẹsẹ̀ bàtà 200 ju ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ. Ìgbà 85 ni ikú kan ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ń kọ ọ́, ọ̀nà náà kò yí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má jẹ́ kí tiwa rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń la ọ̀nà fún hẹlikọ́pítà, ẹ gbé e lé orí ọ̀nà bàálù, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ àti láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí àlàfo kò bá tó, kí hẹlikọ́pítà má gba ibẹ̀ rárá nígbà tí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀, kódà bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ bá ń sáré. Kí ẹ sì ní ìwé kan tí a ń kọ gbogbo ìgbà tí méjì bá súnmọ́ra jù sí, kí ẹnì kan tó lágbára láti yí nǹkan padà máa kà á lóṣooṣù. Kí ẹ má fi ìyà jẹ ẹni tó bá kọ ọ́, torí tí ẹ bá fi jẹ ẹ́, kò sí ẹni tí yóò tún kọ ọ́ mọ́.

Mo ti gbìyànjú láti mọ bí àṣẹ ìrìnnà yìí ṣe ń rí. Kí hẹlikọ́pítà tó gbéra, ó yẹ kí awakọ̀ ti sọ ibi tó ń lọ, iye èèyàn tó gbé, ibi tó fẹ́ gbà àti bó ṣe fẹ́ ga tó. Kó tó wọ àgbègbè tí táwà, ilé gíga tí àwọn kọ́ńtúrólà ń jókòó sí, ń ṣọ́, á pè wọ́n lórí rédíò, á sọ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ àti ibi tó wà. Táwà á fún un ní ọ̀nà, á fún un ní gíga, á fún un ní nọ́ńbà mẹ́rin tí yóò fi hàn lójú rédà, á sọ ibi tó gbọdọ̀ ti dúró kí ó tún pè. Awakọ̀ gbọdọ̀ tún gbogbo rẹ̀ sọ padà, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kí táwà gbọ́ pé ohun tí òun wí ni ó gbọ́. Nígbà tí mo kà á, ìyá mi ni mo rántí. Bó bá rán wa níṣẹ́ sí ẹnìkan, á ní ká tún un sọ létí òun kí ẹsẹ̀ wa tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ó mọ̀ pé bí a bá ti yí igun ilé, ìdajì iṣẹ́ náà lè ti di ọ̀tọ̀. Àmọ́ bí rédíò bá ń ha, kí ni awakọ̀ yóò tún sọ? Ẹgbẹ́ àwọn kọ́ńtúrólà wa, NATCA, ti ń ké láti ọdún pípẹ́ pé rédíò kò já gaara tó, pé àwọn kò pọ̀ tó. Ẹ dákun, ẹ gbọ́ ohùn wọn. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní olùṣọ́ kò gbọdọ̀ máa fi etí kan ṣe iṣẹ́ etí mẹ́ta. Ẹ wá kọ́ńtúrólà tí hẹlikọ́pítà nìkan yóò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láwọn wákàtí tí ojú ọ̀run Èkó bá kún, kí ẹ fún un ní ìsinmi tó péye, kí ẹ sì san owó rẹ̀ lásìkò.

Ní ti ibi tí ọ̀nà náà yóò gbà, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣẹ̀lẹ̀ méjì sí iwájú yín. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, hẹlikọ́pítà Bristow tó ń bọ̀ láti ibi ìwapo lójú òkun já sínú ọ̀sà ní Ọ̀wọ̀rọ̀ǹṣọ̀kí nígbà tó ku díẹ̀ kó dé Ìkẹjà. Èèyàn 12 wà nínú rẹ̀, mẹ́fà kú, mẹ́fà yè. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, hẹlikọ́pítà kékeré kan tó ń bọ̀ láti Port Harcourt já sáàrin ilé ní Òpèbí, n'Íkẹjà kan náà. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ilé èèyàn wà lọ́tùn-ún, ilé èèyàn wà lósì, Ọlọ́run ló yọ àwọn tó ń gbé inú wọn. Èyí tó já sómi fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ láyè láti yè, kò sì ba ilé ẹnikẹ́ni jẹ́. Ní London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, wọ́n ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n la ọ̀nà fún hẹlikọ́pítà láàrin ìlú, odò Thames sì ni èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ń tọ̀, kí hẹlikọ́pítà tó ní ẹ́ńjìnì kan lè rí ibi já sí láìpa ará ìlú.

Àwa náà ní odò. Odò Ògùn ń ti ìhà Abẹ́òkúta bọ̀, ó gba Akútẹ̀ àti Ìṣẹrí, ó sì ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Èkó. Àbàtà tó yí i ká gbòòrò, omi máa ń bò ó lọ́dọọdún nígbà òjò, èèyàn kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ní ìwọ̀ oòrùn wa, odò Òwò wà ní ìhà Ọ̀tà, ó ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Ológè. Ìlú wa àti ọ̀nà tí bàálù ń gbà sọ̀kalẹ̀ wà láàrin odò méjèèjì. Èmi kò ní kọ́ yín níṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó ṣeé ṣe àti èyí tí kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó síwájú ilé mi tí mo wo ìlà oòrùn, tí mo tún wo ìwọ̀ oòrùn, ó máa ń dà bí ẹni pé Elédùmarè ti bá yín fa ìlà náà tẹ́lẹ̀. Hẹlikọ́pítà tó ń lọ sókè kí ó tọ odò kan, èyí tó bá ń lọ sí iléeṣẹ́ l'Ọ́tà kí ó tọ èkejì, kí ó yà lé ibi tí ẹ bá ti sọ pé kó ti yà. Ẹni tó bá pọn dandan fún láti dábùú lókè wa, kó ṣe é ní gíga kan tí ẹ ti yàn, níbi kan tí ẹ ti yàn, lẹ́yìn tí táwà bá ní kó máa bọ̀.

Ẹ̀yin ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, iṣẹ́ wà fún ẹ̀yin náà. Ọ̀nà tí a là lójú ọ̀run kò wúlò bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá ti kún fún ilé àti òpó. Bí NAMA bá sọ fún yín pé ibí ni hẹlikọ́pítà yóò máa gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àbàtà náà ní púlọ́ọ̀tì. Wáyà iná alágbára ńlá fa ara káàkiri ìhà yìí, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń hù lóṣooṣù bí olú, èéfín iléeṣẹ́ sì máa ń dà pọ̀ mọ́ ọyẹ́ ní oṣù Kejìlá tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kì í rí òpó tó wà ní òdì kejì títì. Òfin NCAA ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ ri òpó gíga mọ́lẹ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí gíga rẹ̀. Ẹ bá wọn wá àwọn tí kò gbà á, kí iná pupa orí òpó kọ̀ọ̀kan sì máa tàn lálẹ́, kódà bí kò bá sí iná mànàmáná. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013, ní London tí mo ń yìn yìí, hẹlikọ́pítà kan kọlu ẹ̀rọ ìkọ́lé gíga kan ní Vauxhall nínú kùrukùru àárọ̀. Awakọ̀ kú, ẹni kan tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún wà tó wúwo lẹ́nu mi, àmọ́ n ó sọ ọ́. Bàbá mi sọ ìtàn kan fún wa lọ́pọ̀ ìgbà. Ó na àsíá pupa lọ́jọ́ kan, jíìpù ọ̀gá ńlá kan wá dúró síwájú rẹ̀, dírẹ́bà ń fun fèrè, ó ní kí bàbá ya, pé ṣé kò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni. Bàbá mi kò dáhùn. Ó na àsíá sí i. Dírẹ́bà bú u, ó bú ìyá rẹ̀. Ọ̀gá náà yọ orí jáde, ó ní òun yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bàbá mi ní apá òun ń gbọ̀n, torí ó mọ̀ pé ọkùnrin náà lè ṣe é. Ọkọ̀ ojú irin kọjá. Nígbà tí ó na àwọ̀ ewé, ọ̀gá náà kò wo ojú rẹ̀ bó ti ń kọjá. Wọn kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Olórí ibùdókọ̀ ló dúró tì í, ó kọ̀wé pé òun ni òun ní kó na pupa.

Àwọn tó ń wọ hẹlikọ́pítà lórílẹ̀-èdè wa kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Gómìnà wà nínú wọn, olówó wà nínú wọn, àgbà ẹlẹ́sìn wà nínú wọn. Ọmọ wa láti Ìkẹ́nnẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, wà nínú hẹlikọ́pítà tó já ní Kábbà ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2019 nígbà tó jẹ́ igbákejì ààrẹ, a sì yin Ọlọ́run pé òun àti gbogbo àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n jáde láàyè. Bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá ń kánjú, kọ́ńtúrólà tó jókòó sínú táwà, tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé, ni yóò ní kó dúró. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ wà lẹ́yìn òun. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì sọ ọ́ ní gbangba, pé "dúró" tí táwà bá wí, ìwé ẹ̀sùn kankan kò ní tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní hẹlikọ́pítà, tàbí tí ẹ ń háyà rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkánjú yín lé awakọ̀ lọ́rùn nígbà tí òjò bá ń ṣú tàbí tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run. Ìpàdé tí ẹ ń lọ yóò dúró dè yín. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ náà ní ọmọ tí a ń retí láti ilé ìwé.

Ti ariwo, díẹ̀ ni n ó sọ. Lásìkò ìdánwò WAEC, kí ẹ rántí pé ọmọ tó ń dáhùn ìbéèrè kò ní lè ronú bí hẹlikọ́pítà bá dúró lókè páànù kíláàsì. Ọ̀nà tó bá tọ odò yóò yanjú èyí náà.

Mo ti sọ pé kí ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ọ̀nà náà gbà. Èyí ni àwọn aláṣẹ sábà máa ń gbàgbé, bóyá torí wọ́n rò pé kí ni ará Ìjòkó fẹ́ fi máàpù òfurufú ṣe. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá mọ pé ọ̀nà hẹlikọ́pítà gba ibí kò ní fi káìtì olókùn gígùn ṣeré níbẹ̀, kò ní ri òpó mọ́lẹ̀ lóru, kò ní tan iná jó pápá lásìkò tí ẹ bá ní kó má jó o. Bí ó bá sì rí hẹlikọ́pítà tó ń rìn níbi tí kò yẹ, tó sì rẹlẹ̀ jù, ó lè pe nọ́ńbà kan tí ẹ bá fún wa, kí ó sọ àkókò àti ìhà tó kọjú sí. Lọ́jọ́ Lísà, àwọn ará oko gbọ́ ìró náà lóru. Ká ní wọ́n ní ẹni tí wọ́n lè pè ni, tí ẹni náà sì mọ ibi tí wọ́n ń wí, wọn ì bá má wá bàálù náà lọ sí Kíṣí.

Nítorí náà mo ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin àgbà, nígbà tí ẹ bá ti ya ọ̀nà náà tán, ẹ má fi í sínú ìwé àwọn awakọ̀ nìkan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ fún Ọlọ́tà ní ẹ̀dà tirẹ̀, ẹ fún àwọn Baálẹ̀ ní tiwọn, kí ẹ sì rán òṣìṣẹ́ táwà kan sí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tó kéré jù ni, tó lè fi ìka tọ́ka, tó lè sọ pé Ìjòkó rèé, odò Ògùn rèé, ojú irin yín rèé, ibí ni yóò máa gbà. Kí ó wá ní ọjọ́ Sátidé tí ọjà kò pọ̀. A ó na máàpù náà mọ́ ara ògiri, a ó gbé àga síta sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá ojú irin, a ó sì pe ọkùnrin alásíá méjì yẹn wá jókòó níwájú.